Ẹran Tí Bàbá Wa Kò Dárúkọ

Kò sí ohun tí èèyàn lè fi bàtà òtútù ṣe ní Ìgàndò. Ó ga dé orókún, irun àgùntàn wà nínú rẹ̀, ó sì wúwo débi pé tí mo bá ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti rò ó pé kí n fún ẹnìkan. Ta ni mo fẹ́ fún nínú oòrùn Alímọ̀ṣọ́ yìí? Bàbá wa ló rà á ní ọjà Kàtángúà, nínú òkìtì aṣọ àti bàtà àlòkù, ó sì ná an títí ẹni tó ń tà á fi ní, "Bàbá, ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ." Ó ti kú báyìí. Bàtà náà kò sì tẹ ilẹ̀ tó torí rẹ̀ rà á.

Bàbá bàbá mi ni, ṣùgbọ́n Bàbá wa ni mò ń pè é. Èkìtì ló ti wá, láti ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ òkè, níbi tí gbogbo ọkùnrin ìdílé wọn ti ń ṣọdẹ. Òun ló kọ́kọ́ kàwé nínú wọn. Ó di tíṣà, wọ́n gbé e wá sí Èkó, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́lé kékeré sí Ìgàndò nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ó máa ń búra pé òun ti pa ọ̀yà rí ní ibi tí ìdáná wa wà báyìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, torí pé ìyá mi ti ní ọkọ mìíràn ní Ìjẹ̀gùn, bàbá mi sì ti lọ sókè òkun. Ọdún tí wọ́n bí mi ni ìyá Bàbá wa kú, ni wọ́n ṣe sọ mí ní Yétúndé, ṣùgbọ́n kò fi ọjọ́ kan pè mí bẹ́ẹ̀. "Yèyé mi" ló ń pè mí. Tó bá fẹ́ bá mi wí, á kọ́kọ́ tẹ orí ba díẹ̀ bí ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀, á wá ní, "Yèyé mi, ẹ dákun, ìwà yín àná yẹn kò dáa rárá."

Ohun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ ni pé kì í sọ ibi tó ń lọ. Èèwọ̀ ni nílé àwọn ọdẹ tó tọ́ ọ. Ọdẹ kì í sọ ọjọ́ tó máa wọgbó, kì í dárúkọ ẹran tó ń lọ pa, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í. Wọ́n ní bí ẹnu bá ti pe ẹran, ẹran ti gbọ́, ó sì ti sá. Ìyàwó ọdẹ á kàn jí, á rí i pé àpò kò sí lára ògiri mọ́, á dákẹ́, á dáná, á gbé omi kaná, á sì máa retí. Ó dáa bẹ́ẹ̀ nínú igbó. Ṣùgbọ́n ní Ìgàndò, búrẹ́dì ni Bàbá wa ń lọ rà. "Bàbá, ibo lẹ ń lọ?" "Mo ń bọ̀." Nígbà kan ó jáde láàárọ̀, ọ̀sán pọ́n kò dé, mo wá a láti Ìdímù dé Ìkọ̀tún, mò ń bi gbogbo ọlọ́kadà bóyá wọ́n rí bàbá arúgbó tó dé fìlà aláwọ̀ ilẹ̀. Mo padà dé ilé, mo bá a tó ń jẹ ẹ̀bà. Ibi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló lọ. Mo pariwo, mo sunkún pàápàá, inú bí mi débi pé mo gbé ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Ó wò mí jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹni tó bá mọ ibi tí mò ń lọ nìkan ló lè dínà dè mí."

Ó mọ ìjà gbé sínú. Àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò gbọ́ pé ọdẹ ni, ni wọ́n bá wá bá a pé kó wá ṣe olórí àwọn tó ń ṣọ́ géètì òpópónà wa. Àpọ́nlé ni wọ́n pè é. Ṣíámáànù wọn tiẹ̀ mú páálí mọ́ọ̀tì dání. Bàbá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dìde, ó gbé páálí náà padà síta, ó sì kọ̀ láti kí ọkùnrin yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, ìjókòó wọn kò sì jìnnà síra. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní, "Bàbá, wọn ò mọ̀ ni jàre, ọ̀kan náà ni gbogbo ọdẹ lójú ará Èkó." Ó ní, "Ṣé o rí ọdẹ tó bá jókòó ti géètì? Bi í kó sọ ẹran tó ń retí fún mi."

Bàbá mi, Káyọ̀dé, nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tó lọ sí ìlú òyìnbó kan tó jẹ́ kìkì òkè àti òtútù. Níbẹ̀rẹ̀ kò ní ìwé. Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ lóko màlúù bàbá òyìnbó kan, òyìnbó náà sì bá a béèrè ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba wọn. Tó bá fẹsẹ̀ kan jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Nítorí náà, ọdún tó ń bọ̀ ló fi máa ń fi ọkàn wa balẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀, mo máa wálé. Ọdún tó ń bọ̀, ẹ óò rí mi. Bàbá wa wá sọ ọ́ di orúkọ. Tí fóònù bá dún lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, á gbé e sétí, á ní, "Ọdún-tó-ń-bọ̀, ṣé dáadáa lo jí?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín pẹ́.

Fídíò kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bàbá mi àti òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ máa ń lọ ṣọdẹ ẹran kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́lìkì, irú àgbọ̀nrín kan tó ga bí ẹṣin, tí ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka bí igi tó ti wọ́wé. Bàbá mi ya ọ̀kan ránṣẹ́ níbi tí ẹran náà ti dúró nínú òjò dídì, gbogbo ilẹ̀ funfun láìsí ibi tí ojú lè sinmi lé. Ojú Bàbá wa ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, àwọ̀ funfun ti ń bò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan fóònù. Ó ní kí n tún un fi han òun. Mo tún un fi hàn án títí fóònù fi gbóná lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kò pe ọmọ rẹ̀ ní Ọdún-tó-ń-bọ̀. Ó ní, "Káyọ̀dé, sọ ìgbà tí àsìkò ọdẹ yín máa ń parí fún mi."

Bàbá mi ṣàlàyé. Ìparí àsìkò náà ló dára jù fún àgbàlagbà, torí pé òjò dídì á ti bo orí òkè, ebi á sì lé ẹran sọ̀ kalẹ̀ wá sí àfonífojì. Kò ní nílò láti gun òkè. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá wa ti ń gbèrò àtilọ síbẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilẹ̀ ibẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé wa: òkè níhìn-ín, odò lọ́hùn-ún, ahéré àwọn ọdẹ lábẹ́ igi, ọfà kékeré láti fi sàmì ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á yára fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò lópin. Ibo ni ẹran ń sùn? Ṣé ilẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀? Ìgbà tó béèrè ibi tí ẹran ti ń mu omi nígbà tí odò bá dì, bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, òjò dídì yẹn ni wọ́n ń jẹ." Bàbá wa gbé fóònù fún mi. Ó ní, "Ẹran tó ń jẹ omi. Yèyé mi, ayé yìí pọ̀ ju ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ."

Ọ̀rọ̀ òtútù ló ń bà á lẹ́rù. Ó mọ ọyẹ́ orí òkè Èkìtì, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé ọmọdé ni ọyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ òtútù ní Ìgàndò? Bàbá wa ronú, ó sì rí i. Ìyá Rọ́fíà, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ mọra, ń ta ẹja yìnyín lọ́jà Ìkọ̀tún, ó sì ní kóòdùrúùmù ńlá, yàrá òtútù tó ń kó páálí ẹja sí. Bàbá wa lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa wá jókòó síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Rọ́fíà rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà yẹn, ó sì lọ jókòó lórí páálí ẹja kòòtè, èéfín òtútù ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má kó bá mi o!" Ìyá Rọ́fíà ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Tẹ́ ẹ bá dákú sáàárín ẹja títùs mi ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Yétúndé?"

"Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, Alhaja. Atẹ́gùn gbígbóná ń wọlé."

Oníbàárà kan yọjú wò ó, ó ní, "Alhaja, ṣé bàbá yìí náà wà fún títà?" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, mo ní kó jáwọ́ níbẹ̀, ikọ́ yìí kò dára. Ó ní, "Òtútù tí mo bá ti mọ̀ kò lè pa mí. Èyí tí mi ò mọ̀ ni mò ń sá fún."

Mo fẹ́ sọ ti ọ̀rọ̀ físà, ìwé àṣẹ ìrìnnà, báyìí, inú mi kò sì ní í dùn sí i láéláé. Bàbá òyìnbó tó ni oko ló kọ ìwé ìkésíni. Ẹni rere ni, kò mọ èèwọ̀ ẹnikẹ́ni, ó kọ ọ́ gbàgàdà síbẹ̀ pé kí bàbá Káyọ̀dé wá bá àwọn ṣọdẹ ẹ́lìkì ní ìparí àsìkò. Nígbà tí mo kà á fún Bàbá wa, ńṣe ló mi orí. Ó ní òyìnbó yìí ti lọ pariwo sétí ẹran.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní físà, wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé e dé ojú fèrèsé torí pé kò ríran dáadáa. Obìnrin kan ló jókòó sí òdìkejì gíláàsì, kò le, kò rọ̀. Ìwé ìkésíni òyìnbó yẹn wà níwájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tíṣà ni Bàbá wa fi dá a lóhùn, ó rọra ń pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ wò."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí."

Ó wo ìwé, ó wo Bàbá. "Ẹ ò lọ ṣọdẹ?"

Mo la ẹnu. Bàbá wa fi bàtà rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, obìnrin náà sì ní kí n jọ̀ọ́ má dá sí i. Bàbá wa wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo ipasẹ̀ ẹran. Ó ní, "Rárá. Èmi kò lọ ṣọdẹ."

Wọn kò fún un ní físà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ohun tó sọ pé òun ń lọ ṣe kò dá àwọn lójú.

A dé ìta, mo sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni pé kì í ṣe òun ló tọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ì bá dárúkọ ẹran burúkú yẹn, ẹ ì bá ti rí ọmọ yín!" Àwọn èèyàn ń wò wá. Ó di apá mi mú kí n lè sọdá títì pẹ̀lú rẹ̀. A sọdá tán kó tó dáhùn. "Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, Yèyé mi, kí ni a fẹ́ bá lọ́hùn-ún?"

Mo rò pé á pa èrò náà tì. Kò pa á tì. Bàbá mi ní àwọn á tún béèrè rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wa padà sídìí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, òjò ń wẹ òkè rẹ̀ nù lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń tún un yà. Ó tún padà sí kóòdùrúùmù, títí Ìyá Rọ́fíà fi gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, tó sì búra pé òun kò ní ṣí i mọ́. Ọyẹ́ dé. Ikọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti rẹ̀ tipẹ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, ó lè jẹ́ ekuru ṣọ́ọ̀kì. Kò dárúkọ òtútù. Èmi ò mọ̀. Mo ti bi ara mi títí, mi ò sì mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n gbé e sílẹ̀, òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Èkìtì ló ní kí wọ́n gbé òun lọ sin sí. A kò lè gbé e lọ. Àwọn ajínigbé ti gba ọ̀nà ìlú wa, awakọ̀ tí a bá sọ̀rọ̀ ní òun ní ọmọ nílé. Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti máa ń ya òkè rẹ̀, mo sì rí ìlà funfun lára sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá mi wà lórí fóònù, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e dání sókè kó lè rí sàréè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ìyá Rọ́fíà jókòó sílẹ̀, ó ń lu àyà, "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un o, Yétúndé, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn." Àwọn tó wá kí wa ní ó lọ bí ọdẹ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á tù mí nínú.

Tí ọdẹ bá kú nílùú wa, àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kó ohun èlò rẹ̀ lọ sínú igbó, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á ṣáájú wọn, wọ́n á fi ẹrù náà lé àwọn tó ti lọ lọ́wọ́. Wọn kò ṣe é fún Bàbá wa. Ọdẹ kankan kò wọgbó yẹn mọ́, àwọn onígbó tuntun kò jẹ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò sì lè wá. Ìdí nìyí tí àpò ọdẹ rẹ̀ àti bàtà fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

Nígbà tí àsìkò ọdẹ wọn lọ́hùn-ún fẹ́ parí, bàbá mi pè mí láti inú ahéré àwọn ọdẹ. Mo gbọ́ bí iná ṣe ń ta pàrà-pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò lè ṣe bí ẹni pé kò bí mi. Mo ní, "Dádì, èwo ni ti ìbọn fún ẹni tí kò ríran? Ẹ̀yin lẹ kó ọ̀rọ̀ ọdẹ yìí sí i lórí. Tí kì í bá ṣe ti ẹran yẹn, ì bá ti dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ìbọn wo?" ló wí. "Yétúndé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ojú òun ti lọ. Kò fẹ́ yìnbọn. Ó ní kí èmi lọ sínú igbó, kí òun jókòó sínú ahéré, kí òun dáná, kí òun gbé omi kaná dè mí bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń jókòó dè é. Ó fẹ́ jókòó dè mí lẹ́ẹ̀kan kó tó kú."

Ẹran tí bàbá mi fẹ́ pa ni Bàbá wa kò dárúkọ, kì í ṣe tirẹ̀. Bàtà yẹn, láti inú mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ahéré ló fẹ́ fi rìn.

Bàbá mi bi mí bóyá bàtà náà ṣì wà. Mo ní ó wà. Ó ní òun ti dáná tán, omi ti hó, òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Mo kàn di fóònù mú, àwa méjèèjì ń gbọ́ iná.

Mo máa ń rí fèrèsé yẹn lójú mi títí di òní, mo máa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tíṣà rẹ̀, tó ń rọra pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè yé obìnrin náà. Wọ́n bi í ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe, òun tí kì í sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, ó sọ ọ́. "Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ wò." Wọ́n ní kò dá àwọn lójú.